Òru Tí Àlejò Kò Sùn: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Owó Tí Ènìyàn Ń Kó Sínú Ilé Shortlet

Ọ̀rọ̀ àsọyé ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ilé tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún àlejò fún ọjọ́ díẹ̀, ìyẹn ilé tí onílé ti to àga, ibùsùn, ẹ̀rọ amúlétutù àti ohun èlò ìdáná sí, tí ẹni tí ó fẹ́ lò ó yóò sì san owó rẹ̀ ní òru kọ̀ọ̀kan dípò kí ó san ti ọdún kan tàbí méjì bí ayálégbé ṣe máa ń ṣe. Shortlet ni àwọn ará Èkó ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀, orúkọ náà ni yóò sì máa jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilé àti ní ẹ̀yìn odi ti ta ilẹ̀, wọ́n ti yá owó, wọ́n sì ti kó owó ìfẹ̀yìntì wọn sínú òwò yìí nítorí èrè tí wọ́n gbọ́ pé ó wà níbẹ̀. Èrè náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí owó wọn há sínú rẹ̀, oṣù Kejìlá ni wọ́n kà nígbà tí wọ́n ń ṣírò, wọn kò ka oṣù mọ́kànlá tí ó kù.

Kí ènìyàn gba àlejò sílé nítorí owó kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Láyé àtijọ́, oníṣòwò tí ó bá ti ọ̀nà jíjìn wọ ìlú a máa wọ̀ sí ọ̀dọ̀ onílé kan tí yóò fún un ní ibi tí yóò sùn, tí yóò bá a tọ́jú ẹrù, tí yóò sì bá a wá oníbàárà, onílé náà a sì gba ìpín tirẹ̀ nínú ohun tí wọ́n bá tà. Ohun tí ó fi ti òde òní yàtọ̀ ni pé onílé àti àlejò lè má fojú kan ara wọn rárá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, Brian Chesky àti Joe Gebbia, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí owó ilé ti fẹ́ wọ̀ lọ́rùn ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, tẹ́ ibùsùn onífẹ́ẹ́fẹ́ sí pálọ̀ wọn fún àwọn tí wọ́n wá sí ìpàdé kan ní ìlú náà tí wọn kò rí yàrá gbà ní hòtẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn èyí ni Nathan Blecharczyk dara pọ̀ mọ́ wọn, tí wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Airbnb sílẹ̀ ní ọdún 2008. Ilé-iṣẹ́ náà kò kọ́ ilé kankan fún àlejò. Ohun tí ó ń tà ni ìgbẹ́kẹ̀lé, nítorí pé òun ni ó ń di owó mú láàárín ẹni méjì tí wọn kò mọ ara wọn rí, òun ni ó sì ń fi ohun tí àwọn àlejò àná sọ nípa ilé han àlejò ọ̀la.

Ní Èkó, àwọn ọmọ Yorùbá àti àwọn ọmọ Nàìjíríà mìíràn tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, Houston, Atlanta àti Toronto ni wọ́n gbé òwò náà dé ibi tí ó dé lónìí. Wọ́n ti sọ oṣù Kejìlá di oṣù ìpadàwálé, tí ìgbéyàwó, òkú àgbà, ọjọ́ ìbí àti eré àwọn olórin ń tẹ̀lé ara wọn láìsí ìsinmi, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń pe àkókò náà ní Detty December. Ẹni tí ó bá kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta wálé kì í fẹ́ gba yàrá méjì ní hòtẹ́ẹ̀lì nígbà tí ó lè gba ilé oníyàrá mẹ́ta tí ó ní ilé ìdáná, níbi tí ìyá àgbà ti lè wá se ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò sì rọrùn fún un mọ́ láti sùn sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Mushin tàbí Agége, nítorí ọ̀rọ̀ iná àti omi, àti nítorí pé àwọn ìbátan tí yóò wá kí i láti àárọ̀ títí di alẹ́ kì í gbàgbé owó ilé-ìwé tí wọ́n fẹ́ bá a sọ.

Ọ̀rọ̀ náírà tún gbé iná sí i. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi iye náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí ₦460 bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó sì ti ré kọjá ₦1,500 ní ọdún 2024. Ní iye ọdún náà, bí òru kan nínú ilé kan bá jẹ́ ₦150,000, ẹni tí ń gba owó ní dọ́là mọ̀ pé ọgọ́rùn-ún dọ́là péré ni, iye tí kò lè gba yàrá tí ó dára fún un ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní Amẹ́ríkà. Àlejò jèrè níbí, ṣùgbọ́n onílé tí ó kó dọ́là wá láti òkèèrè láti ra ilé náà wà ní ìhà kejì ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ₦8,000,000 tí ilé bá mú wọlé fún un lọ́dún, èyí tí ì bá ti lé ní $17,000 kí náírà tó já, kò ju nǹkan bí $5,300 lọ ní iye tuntun náà. Ẹni tí ó ń gba èrè ní náírà, tí ó sì ń san gbèsè báńkì rẹ̀ ní pọ́n-ùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ní láti fi èyí sọ́kàn kí ó tó fi ọwọ́ sí ìwé kankan.

Lẹ́yìn ayẹyẹ ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé owó tí ó wọlé láti inú ìrìn-àjò afẹ́ àti fàájì ní oṣù Kejìlá náà lé ní $71 mílíọ̀nù, pé hòtẹ́ẹ̀lì kó nǹkan bí $44 mílíọ̀nù nínú rẹ̀, àti pé àwọn ilé shortlet kó nǹkan bí $13 mílíọ̀nù. Irú iye báyìí ni àwọn tí ń ta ilé fi ń pe oníbàárà, wọn kì í sì í fi kún un pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ni ó pín in, àti pé oṣù kan ṣoṣo ni wọ́n fi pa á.

Nítorí náà, ìṣirò ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Bí a bá mú fúláàtì oníyàrá méjì kan ní Lẹ́kkí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, tí a sì gbà pé ayálégbé tí yóò gbé ibẹ̀ fún ọdún kan yóò san ₦6,000,000, ìbéèrè náà ni iye tí shortlet yóò fi ju èyí lọ. Àwọn iye tí ó tẹ̀lé èyí jẹ́ àfiṣàpẹẹrẹ, onílé kọ̀ọ̀kan sì lè fi tirẹ̀ rọ́pò wọn. Ká ní onílé ń gba ₦100,000 ní òru kan ní ìgbà tí kò sí ọdún, tí ó sì ń gba ìlọ́po méjì rẹ̀ láti àárín oṣù Kejìlá títí di ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́, bí ogún òru bá kún ní àkókò ọdún náà, ₦4,000,000 ti wọlé. Nínú bí 340 òru tí ó kù, bí mẹ́rin bá kún nínú mẹ́wàá, òru 136 ni, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦13,600,000, tí àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ ₦17,600,000. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìpolówó ti máa ń dúró, nítorí pé iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó ayálégbé.

Ṣùgbọ́n owó tí ó wọlé kọ́ ni èrè. Ẹni tí ń bójú tó ilé, tí ó ń dá àlejò lóhùn ní ọ̀gànjọ́ òru, tí ó sì ń wá oníbàárà, lè gba ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó jẹ́ ₦3,520,000. Owó ìtọ́jú ẹ́sítéètì, tí dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ wà nínú rẹ̀, lè tó ₦2,000,000. Owó iná yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦1,000,000. Owó tí wọ́n fi ń gbálẹ̀, tí wọ́n sì fi ń fọ aṣọ ibùsùn lẹ́yìn àlejò kọ̀ọ̀kan yóò lé ní ₦500,000. Íntánẹ́ẹ̀tì àti tẹlifíṣọ̀n yóò gba ₦600,000. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún yóò sì lọ sí àtúnṣe, nítorí pé kò sí ẹni tí ń fi ohun olóhun ṣe jẹ́jẹ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá jáde, nǹkan bí ₦8,200,000 ni yóò kù kí a tó san owó-orí, ìyẹn ni pé shortlet fi ₦2,200,000 ju ayálégbé lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ₦15,000,000 ni onílé fi ra àga, ibùsùn, fíríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ ìfọṣọ sí ilé náà, ọdún tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méje ni yóò gbà kí àfikún yìí tó san owó ohun èlò wọ̀nyí padà, àga tí ọ̀pọ̀ àlejò ń jókòó lé lọ́dún kì í sì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bí òru tí ó kún bá dín sí mẹ́ta nínú mẹ́wàá ní ìgbà tí kò sí ọdún, ohun tí yóò kù kò ju nǹkan bí ₦6,160,000 lọ, tí ó fi jẹ́ pé onílé ṣe wàhálà ọdún kan gbáko láti rí ohun tí ayálégbé ì bá ti san fún un ní ọjọ́ kìíní láìsí pé ó ra ṣíbí kan. Bí ó bá sì gòkè sí márùn-ún nínú mẹ́wàá, èrè rẹ̀ yóò ré kọjá ₦10,000,000, owó ohun èlò yóò sì padà láàárín ọdún mẹ́ta àbọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín mẹ́ta àti mẹ́rin nínú mẹ́wàá jẹ́ òru mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n péré, síbẹ̀ ohun tí àwọn òru náà ń kó sápò fẹ́rẹ̀ẹ́ súnmọ́ ohun tí gbogbo ayẹyẹ oṣù Kejìlá ń kó wá. Onílé tí ó mọ èyí kì í lo gbogbo agbára rẹ̀ láti fi owó lé owó òru ní Kérésìmesì. Òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun inú oṣù Kejì ni ó máa ń wá àlejò fún.

Ta wá ni yóò sùn níbẹ̀ ní oṣù Kejì? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ó pinnu ibi tí ènìyàn yóò ti ra ilé. Ní Victoria Island, ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà tí ó wà ní òpópónà Walter Carrington ń kó àwọn tí ń wá físà wá láti Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti Port Harcourt, ẹni tí wọ́n bá sì ní kí ó dé ní kùtùkùtù òwúrọ̀ kì í fẹ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ afárá Third Mainland pinnu ọjọ́ ọ̀la òun. Àwọn tí ilé-iṣẹ́ epo àti báńkì ń rán wá láti ìlú mìíràn fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì tún wà níbẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni ó sì dára jù lọ ní ojú onílé tí ó ní òye, nítorí pé wọ́n ń tètè sùn, wọn kì í se àsè, ọ̀gá wọn ni ó sì ń sanwó. Ìkẹjà ní pápákọ̀ òfurufú àti àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Alausa, owó òru ibẹ̀ kéré sí ti Lẹ́kkí, ṣùgbọ́n ilé ibẹ̀ kì í tètè ṣófo. Ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ìpàdé ọdọọdún ìjọ Ìràpadà tí ó máa ń wáyé ní oṣù Kẹjọ àti èyí tí wọ́n ń ṣe ní oṣù Kejìlá ń kó èrò tí kò níye wá sí agbègbè Mowe, bí Shiloh ìjọ Winners ṣe ń kó wọn lọ sí Ọ̀tà. Àwọn tí ń wá sí irú ibẹ̀ kò bèèrè fún adágún ìwẹ̀. Omi, iná àti ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí ti tó wọn.

Inú ilé gan-an ni owó ti ń jò jù. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn oníbàárà iná mànàmáná tí wọ́n kó sí ìpele Band A, ìyẹn àwọn tí ó yẹ kí ó máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦225 fún ẹyọ iná kan, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí ₦209 lẹ́yìn náà. Ẹ̀rọ amúlétutù tí agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin kan àbọ̀ ń jẹ nǹkan bí ẹyọ iná kan láàárín wákàtí kan. Àlejò tí ó bá jáde lọ sí òde àríyá ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí ó sì fi mẹ́ta sílẹ̀ kí ilé lè tutù dè é di aago márùn-ún ìdájí, ti jẹ iná tí ó lé ní ₦4,000 nígbà tí ènìyàn kankan kò sí nílé. Nítorí èyí, àwọn onílé kan ń fi iye ẹyọ iná kan sórí mítà fún àlejò lójúmọ́, wọ́n sì ń sọ fún un kí ó tó dé pé bí ó bá tán, òun ni yóò ra àfikún. Àlejò tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀, tí iná kú mọ́ lórí ní aago méjì òru, yóò kọ ọ́ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun tí ó bá sì kọ yóò wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Omi Lẹ́kkí ní ọ̀ràn tirẹ̀. Irin pọ̀ nínú omi abẹ́ ilẹ̀ agbègbè náà, tí ó fi jẹ́ pé kànga ẹ̀rọ tí kò ní ohun èlò ìsẹ́mi ń pọn omi tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti tíì. Onílé tí ó ra aṣọ ìnura funfun mẹ́wàá nítorí pé ó rí i ní hòtẹ́ẹ̀lì yóò rí i pé gbogbo rẹ̀ ti di aláwọ̀ ilẹ̀ lẹ́yìn ìfọ̀ díẹ̀, yóò sì máa bá alágbàfọ̀ jà láìmọ̀ pé inú táǹkì lókè ilé ni ẹlẹ́ṣẹ̀ wà. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun náà ń jẹ apá ẹ̀rọ amúlétutù tí ó wà níta, ó ń jẹ ìkọ́ fèrèsé, ó sì ń jẹ irin géètì, nítorí náà ilé tí ó kọjú sí òkun, tí owó òru rẹ̀ ga jù, ni owó àtúnṣe rẹ̀ náà ń ga jù.

Ọ̀rọ̀ òfin kò ṣeé fò. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà kí ó máa mójú tó o fún gbogbo ènìyàn, òun ni wọ́n sì fi ń fúnni ní ìwé tí gbogbo ayé ń pè ní C of O, ìyẹn ìwé tí ó fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ fún iye ọdún kan tí kì í sábà ju mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún lọ. Ẹni tí ó bá ra ilé lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí ó ní irú ìwé yìí gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí gómìnà kí títà náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pátápátá lójú òfin, ìwé ìdúnàádúrà nìkan kò tó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní etí òkun ní ọdún 2024, nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí òpópónà etíkun tí yóò ti Èkó dé Calabar, tí wọ́n sì wó àwọn ibi ìgbafẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ àlejò oṣù Kejìlá mọ̀ dáadáa, fi hàn pé ìwé tí ó dára nìkan kò tó bí ilẹ̀ náà bá súnmọ́ ibi tí ìjọba àpapọ̀ ti ní ètò. Lọ́yà àti awọnlẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń ra ilé, kí ẹni tí ń ta àga ìgbàlódé tó dé.

Àwọn tí ń gbé òkèèrè sábà máa ń ra ilé tí wọn kò tíì kọ́, nípa sísan owó díẹ̀díẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí ó fi àwòrán hàn wọ́n. Owó irú ilé bẹ́ẹ̀ kéré, ó sì ń wu ojú, ṣùgbọ́n bí owó símẹ́ńtì àti irin bá gòkè kí ilé tó parí, ilé-iṣẹ́ náà lè bèèrè fún àfikún, tàbí kí iṣẹ́ dúró, tí oṣù Kejìlá tí onílé ń retí yóò sì kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Bí ilé bá tilẹ̀ parí, ó yẹ kí ẹni tí ó rà á ka òfin ẹgbẹ́ onílé ẹ́sítéètì náà, nítorí pé àwọn ẹ́sítéètì kan ti fòfin de shortlet pátápátá nítorí ariwo, ọkọ̀ tí ń dí ọ̀nà, àti àjèjì tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kò mọ̀. Ẹni tí ó ra ilé sínú irú ẹ́sítéètì bẹ́ẹ̀ ti ra ilé tí yóò máa gbé, kò ra òwò.

Bákan náà ni òfin kò ka àlejò òru mẹ́ta sí ayálégbé. Ayálégbé ní ẹ̀tọ́ sí ilé fún àkókò tí ó sanwó fún, onílé sì gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé ìkìlọ̀ kí ó tó lé e, nígbà tí ti àlejò jẹ́ àṣẹ ìwọlé lásán tí ó ń parí ní wákàtí tí wọ́n fi sí i. Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ èyí ní kedere, àlejò tí ó kọ̀ láti jáde lè pe ara rẹ̀ ní ayálégbé níwájú adájọ́. Ó sì ṣeé kíyèsí pé òfin ilé yíyá tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 yọ Apapa, Ìkòyí, Victoria Island àti Ikeja GRA sílẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé díẹ̀ nínú àwọn àdúgbò tí shortlet pọ̀ sí jù lọ ni òfin náà kò kàn.

Ẹ̀tàn kan wà tí ó ń bá irú ilé yìí rìn. Ọ̀daràn kan yóò gba shortlet fún òru mẹ́ta, yóò fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣí i fún àwọn tí ń wá ilé ọlọ́dún kan, yóò pe ara rẹ̀ ní éjẹ́ǹtì tàbí onílé, yóò gba owó lọ́wọ́ ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún, yóò sì lọ. Nígbà tí gbogbo wọn bá dé pẹ̀lú ẹrù wọn ní ọjọ́ kan náà, onílé tòótọ́ ni wọ́n yóò mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Onílé tí ó tọ́jú ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ àlejò kọ̀ọ̀kan, tí ó ń gba owó ìdógò kí àlejò tó wọlé, tí ó sì ń wo àpò owó rẹ̀ ní báńkì dípò kí ó gba àlẹ́ẹ̀tì orí fóònù àlejò gbọ́, ní ohun tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Ìdí mìíràn wà tí àkọsílẹ̀ yìí fi ṣe pàtàkì: àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbógun ti jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti kó àwọn ọ̀dọ́ nínú ilé shortlet lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni orúkọ ẹni tí ó gba ilé.

Àwọn kan wà nínú òwò yìí tí kò ní ilé kankan. Wọ́n ń yá fúláàtì lọ́dọọdún lọ́wọ́ onílé, wọ́n ń to ohun èlò sí i, wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ fún àlejò ní òru kọ̀ọ̀kan. Owó tí ó ń jáde lọ́wọ́ wọn kéré sí ti ẹni tí ó ra ilé, nítorí náà wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tí yóò há, ṣùgbọ́n bí onílé kò bá fi ọwọ́ sí i nínú ìwé, ó lè lé wọn kúrò nígbà tí ó bá rí àpótí àwọn arìnrìn-àjò ní ẹnu géètì. Fún ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá òwò yìí bá òun mu, ọ̀nà yìí, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda onílé, sàn ju kí ó kọ́kọ́ ra ilé lọ.

Ìjọba náà ń bọ̀, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn. Ní New York, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, onílé tí ó fẹ́ gba àlejò fún ohun tí kò tó ọgbọ̀n ọjọ́ gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀, kí ó wà nínú ilé pẹ̀lú àlejò náà, kí àlejò má sì ju méjì lọ. Olórí ìlú Barcelona ní Sípéènì kéde ní ọdún 2024 pé àwọn yóò fòpin sí ìwé àṣẹ irú ilé wọ̀nyí, tí iye wọn lé ní ẹgbàárùn-ún, títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2028. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ní fúláàtì ní Peckham tàbí Woolwich, tí wọ́n ń rò ó pé kí àwọn fi í ṣe shortlet, ní láti mọ̀ pé òfin Lọ́ńdọ̀nù kò gbà ju àádọ́rùn-ún òru lọ lọ́dún láìgba àṣẹ, àti pé àǹfààní owó-orí pàtàkì tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún ilé ìsinmi ti dópin ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ní Èkó, òfin ọdún 2009 ti ń gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tí àlejò hòtẹ́ẹ̀lì bá san, owó-orí orí ọjà ti ìjọba àpapọ̀ sì jẹ́ ìdá méje àbọ̀. Ẹni tí ń ṣírò èrè lónìí bí ẹni pé irú owó bẹ́ẹ̀ kò ní kan shortlet ń tan ara rẹ̀ ni.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni àlejò ń wọ̀. Ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo máa ń wáyé ní oṣù Kẹjọ, igbó mímọ́ náà sì ti wà lára ohun àjogúnbá tí UNESCO dá mọ̀ láti ọdún 2005, tí àwọn ọmọ olóòṣà láti Brazil, Kúbà àti Amẹ́ríkà fi ń wá síbẹ̀. Ní Ouidah ní ilẹ̀ Benin, ayẹyẹ ẹ̀sìn ìbílẹ̀ tí ó ń dé téńté ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Ṣẹ́rẹ́ bọ́ sí àkókò tí àwọn àlejò Èkó ṣì wà ní tòsí. Ọjọ́ kẹta Iléyá sì ni Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àwọn ìdílé jagunjagun tí ń gun ẹṣin àti àwọn régbérégbé ti ń wá kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú aṣọ tí gbogbo ayé ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òṣùpá ni ó ń pinnu ọjọ́ Iléyá, ó sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú lọ́dọọdún, nítorí náà onílé tí ó gba owó àlejò tí ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù mẹ́fà ṣáájú gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí ọjọ́ náà bá yẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì, òru tí àlejò sanwó fún yóò tẹ̀lé e.

Ní irú ìlú wọ̀nyí, ilé tí ó wà nílẹ̀ fún àlejò sábà máa ń jẹ́ ilé ẹbí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá àgbà kọ́ tí kò sí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ mọ́ àyàfi arábìnrin àgbà kan ní ìsàlẹ̀. Ọmọ tí ó kún un ní ọ̀dà, tí ó fi ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá mẹ́rin, tí ó sì kó àlejò sí i ní ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba ti ná owó gidi, ṣùgbọ́n àṣà àti òfin gbà pé ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Olórí ẹbí àti àwọn aṣojú ìyá kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí ni ó ní agbára láti fi í yá ẹlòmíràn, ohun tí ó bá sì ti ibẹ̀ wọlé jẹ́ ti gbogbo wọn. Bí ó bá fẹ́ kí owó tí òun ná padà sí ọwọ́ òun kí wọ́n tó pín èrè, kí ó pe ìpàdé ẹbí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn tí ó wà ní òkèèrè pàápàá fi ọwọ́ sí i, kí ó tó di pé ọlọ́dà gbé bọ́rọ́ọ̀ṣì.